Kí Ẹ Tó Ta Okùn Ìpìlẹ̀: Bí Ilé Tuntun Ṣe Lè Pé Òṣùwọ̀n Àyíká Láì Náwó Àpà

Yàrá kan wà nínú ilé tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní Ìbàdàn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn síbẹ̀. Ojú ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé rẹ̀ kọ sí, fèrèsé ńlá onígíláàsì tí inú mi dùn sí gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni oòrùn ti máa ń gbabẹ̀ wọlé. Títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yẹn, ṣe ló máa ń gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Fáànù ń yí, ooru ló ń fẹ́ síni lára. A fi kọ́tìnì tó nípọn bò ó, yàrá ṣókùnkùn, ooru ò lọ. A ra ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀, owó iná fò sókè.

Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn fún mi kò béèrè ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í. Ká ní a yí àwòrán náà po kí bíríkìlà tó ta okùn ìpìlẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò ní kúrò lápò mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ilé tó bá òṣùwọ̀n àyíká mu, ìyẹn ilé tí kì í fi iná, omi àti ohun èlò ṣòfò, ilé olówó ni. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìpín tó pọ̀ jù nínú òṣùwọ̀n yẹn, orí ìwé la ti ń pé e, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilé dé òrùlé ló ń fi owó ra ohun tó yẹ kó gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Òṣùwọ̀n tí à ń lépa

Méjì ló kan ẹni tó ń kọ́lé ní Nàìjíríà jù. Ọ̀kan ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí lílo iná nínú ilé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BEEC, tó jáde ní ọdún 2017. Ohun mẹ́rin ló béèrè gan-an: kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri lọ, àfi tí ẹ bá fi ìbòrí dáàbò bò ó, kí gílóòbù inú ilé gbígbé má ju wáàtì 6 lọ fún mítà onígun mẹ́rin kan, kí òrùlé ní ohun tó ń dènà ooru, tí agbára ìdènà rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní R-value, kò ní dín sí 1.25, kí ẹ̀rọ amúlétutù sì máa kó ooru tó ìlọ́po 2.8 iná tó ń jẹ jáde.

Ìkejì ni EDGE, tí IFC tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé dá sílẹ̀. Ilé tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín iná tó ń jẹ kù, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpalára tí ṣíṣe sìmẹ́ńtì, irin àti àwọn ohun èlò yòókù tí wọ́n fi kọ́ ọ ń ṣe fún àyíká. Irú ilé tí gbogbo ayé ń kọ́ ládùúgbò yẹn ni wọ́n máa fi wé.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní lọ gba ìwé ẹ̀rí kankan, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó ẹyọ iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná tó wákàtí 20 lójúmọ́, gbéra láti ₦68 bọ́ sí ₦225. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n ṣáájú ìyẹn. Ilé tó bá ń jẹ iná bí iná ṣe ń jẹ pápá, olówó rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ títí ayé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn sí

Kò sí ohun tó ń dín sìmẹ́ńtì, irin, iná àti omi kù lẹ́ẹ̀kan náà bíi yàrá tí a kò kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí. A fẹ́ kí ilé gba àlejò, kí ẹbí tó bá ti Lọ́ńdọ̀n dé rí ibi sùn, kí ìyá ìyàwó tó wá wẹ ọmọ rí ibi gbé àpótí sí. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwòrán ilé yín, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa sùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan sí i, lónìí àti ní ọdún mẹ́wàá sí i. Yàrá tí ẹ bá wá orúkọ tì fún, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ẹ lè so ó mọ́ ilé tó bá yá. Àlejò ọlọ́sẹ̀ méjì kò yẹ kó sọ yín di onígbèsè ọlọ́dún mẹ́wàá.

Ilé ìwẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yàrá ló nílò tirẹ̀. Àwọn tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, kí ilé ìdáná sì wà nítòsí wọn, kí páìpù má baà máa rìn yí gbogbo ilé ká.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tí oòrùn ń gbà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kọ́ńpáàsì orí fóònù dára, àmọ́ géètì irin tàbí ọkọ̀ tó wà nítòsí lè ṣì í lọ́nà. Ẹ gba ọ̀pá tó tọ́, tó ga tó mítà kan, ẹ rì í mọ́ àárín ilẹ̀ yín kó dúró ṣánṣán. Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀, ẹ fi òkúta kékeré kan sí ibi tí òjìji orí ọ̀pá dé. Ní aago mẹ́ta àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ ta okùn láti òkúta kan sí èkejì. Òkúta àárọ̀ wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, tìrọ̀lẹ́ wà ní apá ìlà-oòrùn, okùn yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà oòrùn gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé wá fojú ara rẹ̀ rí i, kó fa ìlà náà sórí ìwé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì (equator), Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi díígírì 7 lọ sókè rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa; ògiri tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù kò rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀, etí òrùlé tó yọ síta díẹ̀ sì ti tó láti fi òjìji bò ó. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyọnu wà, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ tó ń wo ilé lójú kòró. Kò sí etí òrùlé tó lè dí ojú oòrùn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú wà fún ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn òjò, láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń fẹ́ wá, torí náà fèrèsé apá gúúsù máa gbà á wọlé dáadáa. Tí ilẹ̀ yín bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbà yín láàyè, bí ọ̀pọ̀ pílọ́ọ̀tì Èkó ṣe rí, ẹ má bá ilẹ̀ jà. Ẹ kó àtẹ̀gùn, yàrá ìkẹ́rù, ilé ìwẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ni kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa bá wí. Ẹ gbé yàrá ìbùsùn sá fún un.

Igi tó bá ti wà lórí ilẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ má tètè pe oníṣẹ́ ayùn sí i. Igi máńgòrò kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń gba owó lé lórí. Èyí tí ẹ bá fẹ́ gbìn, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó mítà 5 sí ìpìlẹ̀ àti sóókàwéè. Ẹ má sì fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá mọ́lẹ̀. Ó ń gbé ooru dání di alẹ́, ó sì ń lé omi òjò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka fèrèsé

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò rẹ̀ hàn. Ká ní ilé ilẹ̀ kan gùn ní mítà 14, ó fẹ̀ ní mítà 9, ògiri rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Yíyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 46; ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mítà onígun mẹ́rin 138. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 27.6. Fèrèsé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní mẹ́rin, ìyẹn mítà 1.2 ní 1.2, jẹ́ 1.44. Ilé yẹn lè ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ 19 kó tó kọjá òfin. Ilé oníyàrá mẹ́rin kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú ilé kọjá òṣùwọ̀n ni gíláàsì gàgàrà tó ga láti ilẹ̀ dé àjà lójú pálọ̀, èyí táwọn èèyàn rí nínú àwòrán ilé òyìnbó tí òtútù ń pa. Wọ́n nílò oòrùn nínú ilé wọn níbẹ̀. Àwa ò nílò rẹ̀.

Bí fèrèsé ṣe ń ṣí ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Èyí tí ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣí ju ìlàjì lọ. Ẹ san owó fèrèsé odindi, atẹ́gùn ìlàjì ló ń wọlé. Casement tí ń ṣí síta bí ìlẹ̀kùn ń ṣí tán. Lúfà àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń yọ dànù náà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, ó sì ṣeé ṣí sílẹ̀ díẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan nílò fèrèsé méjì lórí ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí atẹ́gùn tí kò rí ibi jáde kì í wọlé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fèrèsé tí ẹ̀fọn ò jẹ́ ká ṣí kò yàtọ̀ sí ògiri.

Èyí tó bá di dandan kó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ jẹ́ kó kéré, kó ga sókè, kí ẹ sì fi ìbòrí òòró tàbí búlọ́ọ̀kù olójú ihò dí i níta. Ìta ni mo wí. Kọ́tìnì inú ilé kì í dá oòrùn padà, ooru ti wọlé kó tó bá a pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òrùlé

Tí owó yín bá tó fún ibì kan ṣoṣo láti náwó kún, òrùlé ni kó jẹ́. Páànù ọ̀sán gangan ń gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e, àjà lásán ló sì wà láàárín rẹ̀ àti orí yín.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Páànù tó mọ́lẹ̀ lójú, bíi funfun, àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀ àlùmíníọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, kì í sábà wọ́n ju pupa tàbí dúdú lọ, ó sì ń dá ọ̀pọ̀ oòrùn padà sókè. Tẹ̀lé e ni ohun tí ń dènà ooru. Fóòmù funfun tó le, tó nípọn ní mílímítà 50, tí wọ́n tẹ́ sórí àjà láìsí àlàfo, ń tó 1.25 tí òfin béèrè. Ẹ béèrè irú èyí tí kì í tètè gbaná, kí ẹ sì rí i pé gbogbo wáyà orí àjà wà nínú páìpù, torí fóòmù àti wáyà tó bó kì í ṣe ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá fi bébà dídán olójú fàdákà kún un lábẹ́ páànù, ojú dídán rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí àlàfo. Tí ó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ dá ihò atẹ́gùn sí etí méjèèjì òrùlé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin dí i kí àdán má baà sọ ibẹ̀ dilé.

Etí òrùlé náà: ẹ jẹ́ kó yọ tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90. Mo ní láti sọ èyí bó ṣe wà lọ́kàn mi. Òrùlé tí ògiri gbé pamọ́, párápẹ́ẹ̀tì tó gbòde báyìí, kò bá ojú ọjọ́ wa mu rárá. Ó gba etí òrùlé lọ, ó bọ́ ògiri sí ìhòòhò fún oòrùn àti òjò, ó sì ń gba omi dúró lórí ilé. Mo ti wo ilé ọlọ́dún mẹ́ta tí àjà rẹ̀ ti rọ nítorí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù, irin àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi gbé ògiri yẹn sókè, owó ni, ìwé EDGE sì ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ilé lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ògiri àti sìmẹ́ńtì

Sìmẹ́ńtì ló ń bu ìdá ohun èlò jẹ jù. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun pẹ̀lú amọ̀ nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi díígírì 1,450 kó tó di sìmẹ́ńtì, èéfín tó sì ń ti inú òkúta náà fúnra rẹ̀ jáde kún ti iná tí wọ́n fi sun ún. Àpò kan tí ẹ bá dín kù dára fún àyíká, ó sì dára fún àpò yín.

Níbi tí ilẹ̀ pupa bá wà nítòsí, bíi Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́, Oṣogbo, ẹ wo búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. NBRRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìkọ́lé ti ìjọba àpapọ̀, ti ń polongo rẹ̀ tipẹ́, irú èyí tó ń wọnú ara wọn tí kò fi gba kọnkéré púpọ̀ láàárín. Wọn kì í sun ún. Tí iṣẹ́ bá mọ́, kò nílò pílásítà níta, kò nílò ní gbogbo inú ilé, ibẹ̀ sì ni owó ti ń dín kù jù.

Ẹ dán ilẹ̀ wò kí ẹ tó pe ẹlẹ́rọ. Ẹ wá ìgò gíláàsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú rẹ̀ dé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ bu omi kún un, ẹ ju iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í títí apá á fi ro yín. Ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ló máa kọ́kọ́ jókòó sísàlẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Erùpẹ̀ kúnná máa tẹ̀lé e, amọ̀ ló máa bò ó lórí, tó ń dán bí orí ọṣẹ. Ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n. Iyanrìn yẹ kó ju ìlàjì lọ, kí amọ̀ wà ní nǹkan bí ìdá márùn-ún kan sí ìdá mẹ́rin kan. Amọ̀ tó bá pọ̀ jù máa la búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi iyanrìn là á. Tí búlọ́ọ̀kù bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, ẹ má sì gbé e sókè kó tó pé ọjọ́ 28. Ìkánjú ló ń ba orúkọ búlọ́ọ̀kù yìí jẹ́.

Mi ò ní gba ẹni tó ń kọ́lé sí Lẹ́kí tàbí Ajah níyànjú pé kó lọ kó ilẹ̀ pupa láti ọ̀nà jíjìn. Dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ máa jó ti pa èrè rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tó ní ihò nínú, tí wọ́n ṣe dáadáa, ni kó rà. Dáadáa ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ béèrè iye búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi àpò kan ṣe. Tí ó bá ti ń kọjá 35 fún oníńṣì mẹ́sàn-án, ẹ máa lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé ìdí, ẹ jù ú sílẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tó le: èyí tó bá fọ́ yángá kò lè gbé ilé. Búlọ́ọ̀kù pọ́ọ́kú kì í dín sìmẹ́ńtì kù, ẹ máa fi pílásítà san án padà, ẹ sì máa san án nígbà tí ó bá fọ́ lọ́wọ́ lébùrà.

Tí ilé bá ní òkè, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà bóyá dẹ́kìn oníhò ṣeé lò. Ní Kùtọnú àti Lomé, òun ni wọ́n mọ̀: wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù fúyẹ́fúyẹ́ sáàárín igi kọnkéré, hourdis ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá da kọnkéré tín-ín-rín lé e. Kọnkéré rẹ̀ dín sí ti dẹ́kìn gbọnrangandan tí a mọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ irin àti dẹ́kìn, ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó ṣírò rẹ̀. Bíríkìlà tó bá ní kí ẹ fi irin mílímítà 16 síbi gbogbo ń fi owó yín ṣòfò, èyí tó bá ní kí ẹ dín in kù láì ṣírò ń fi ẹ̀mí yín tọrẹ. Owó tí ẹ san fún ìṣirò sábà máa ń kéré sí owó irin tí ìṣirò yẹn yọ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi

Omi ni ìdá 20 tó rọrùn jù, ẹ lè mú un ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ olítà 9 á gba lítà 216. Èyí tó ní bọ́tìnnì méjì, lítà 6 fún ìgbẹ́, lítà 3 fún ìtọ̀, tí wọ́n bá fa ti ńlá lẹ́ẹ̀mẹfà, ti kékeré lẹ́ẹ̀méjìdínlógún, á gba lítà 90. Lítà 126 ṣẹ́kù nínú tánkì lójoojúmọ́, iná tí ẹ̀rọ kànga máa fi fà á sókè náà ṣẹ́kù. Ẹ fi asẹ́ kékeré tí ń da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ omi sí ẹnu ẹ̀rọ ibi ìfọwọ́. Garawa tí a fi ń wẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi òjò. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òrùlé mítà onígun mẹ́rin 150, nílùú bí Ìbàdàn tí òjò rẹ̀ ń tó nǹkan bíi mílímítà 1,300 lọ́dún, tí a bá yọ ohun tó ta dànù, lè mú nǹkan bíi lítà 150,000 wá. Ẹ ò ní tánkì tó lè gba gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì nílò rẹ̀. Góótà dáadáa, páìpù tó ń da omi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nù torí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ, àti tánkì lítà 5,000 nílẹ̀ ti tó láti fi fọ aṣọ, fọ ilé, kí ẹ sì fi da ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jálẹ̀ àsìkò òjò. Kì í ṣe omi mímu láìjẹ́ pé ẹ tọ́jú rẹ̀. Àkòdì inú agbo ilé àwọn bàbá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́, òrùlé dà sí àárín, ìkòkò ló wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ibi ìfọṣọ gba páìpù tirẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà páìpù kan ṣoṣo ni, àmọ́ kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: iná, kí sólà gbẹ̀yìn

Yàrá ẹsẹ̀ 12 ní 12 tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 13. Òfin gbà yín láàyè wáàtì 78 níbẹ̀. Gílóòbù LED wáàtì 9 méjì ti tàn án. Ẹ ti pé òṣùwọ̀n náà, ó kù.

Fáànù ni kí ẹ náwó lé. Fáànù àjà tó wọ́pọ̀ ń jẹ bíi wáàtì 75. Èyí tí wọ́n kọ BLDC sí lára páálí rẹ̀ ń jẹ bíi 30. Fáànù mẹ́fà tó ń yí fún wákàtí 10 lójúmọ́ á jẹ ẹyọ iná 4.5 tàbí 1.8. Tí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦200, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦540 lójúmọ́, ₦16,200 lóṣù. Amúlétutù, tí ẹ bá ní láti rà á, ẹ ra oní-inverter, èyí tó ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ tí yàrá bá ti tutù, kí ó sì wà ní yàrá ìbùsùn tí ẹ ti dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ oòrùn.

Ìgbà yìí ló wá kan sólà. Àwọn tó ń tà á máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iye ohun èlò tó wà nínú ilé, wọ́n á sì ṣírò bátìrì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó parí ìgbésẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ilé tí kò gbóná kò béèrè bátìrì ńlá. Tí owó ò bá tíì dé, ẹ fi páìpù wáyà sílẹ̀ láti òrùlé wá sí ibi tí ínfátà máa wà, kí ẹ má baà fọ́ ògiri lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé àti ẹ̀rí

Ètò EDGE wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan Nàìjíríà, ẹ yan ìlú yín tàbí èyí tó sún mọ́ ọn jù, ẹ tẹ ìwọ̀n ilé, fèrèsé, òrùlé, ògiri àti ẹ̀rọ omi sí i, yóò sì fi hàn yín lójú ẹsẹ̀ ibi tí iná, omi àti ohun èlò dé. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹni tó ń ya àwòrán ilé yín, kí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹ máa yí nǹkan kọ̀ọ̀kan padà, ẹ máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń sún. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé àwọ̀ páànù lè ṣe ohun tí ẹ rò pé owó ńlá ló máa ṣe.

Ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ń gba owó, àti owó olùyẹ̀wò tí wọ́n yàn: wọ́n ń wo àwòrán lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì ń wá wo ilé nígbà tó bá parí. Ẹni tó ń kọ́ ilé kan fún ara rẹ̀, mi ò ní sọ pé kó san án. Kó lo ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì fi owó yẹn ra fóòmù òrùlé. Ẹni tó ń kọ́ ogún ilé láti tà ni kó gbà á, torí ó lè pín owó náà sórí ogún ilé.

Bó ti wù kó rí, ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò fóòmù kí wọ́n tó bò ó, ẹ ya ẹ̀yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí wọ́n kọ lítà sí, ẹ kó rìsíìtì pọ̀ sínú fáìlì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, ẹ má san owó ìpele tó kàn títí fọ́tò èyí tó ṣáájú yóò fi dé, kí rúlà wà nínú fọ́tò fóòmù kí ẹ lè ka mílímítà 50 fúnra yín. Ohun tí àjà bá ti bò, kò sẹ́ni tó tún ń rí i. Àìtètèmólè, olè ń mú olóko.

Tí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ gbé ìwé kan kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà mítà iná sí i, àti iye ìgbà tí ẹ fa omi kún tánkì. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru bá le jù, ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri apá ìwọ̀-oòrùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ lára rẹ̀ náà sílẹ̀.